Kí Ẹ Tó Dáwó, Ẹ Kọ Orúkọ: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Àtijọ́

Ibi tó yẹ kí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ parí sí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Èèyàn mẹ́rìnlá pàdé níbi ìnáwó, wọ́n dá ẹgbẹ́ WhatsApp sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ti bu owó ankara àti owó ayẹyẹ ogójì ọdún lé ara wọn lórí. Ayẹyẹ tán, ariwo rọlẹ̀, ó ku àdúrà òwúrọ̀ àti "ẹ kú ọjọ́ ìbí". Ilé-ìwé ò rí nǹkan kan mú níbẹ̀ ju báńà ẹnu géètì lọ.

Àwọn ilé-ìwé àtayébáyé bíi CMS Grammar School l'Ékòó (1859), Ìbàdàn Grammar School (1913) àti Christ's School, Adó-Èkìtì (1933) ti ní ẹgbẹ́ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àwọn tí a kọ èyí fún jù ni àwọn gírámà tí wọ́n hù káàkiri lẹ́yìn October 1979, nígbà tí ìjọba UPN, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, sọ ẹ̀kọ́ gírámà di ọ̀fẹ́ ní Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́ àti Oǹdó. (Ọ̀ṣun ṣì wà lára Ọ̀yọ́ títí di 1991, Èkìtì sì wà lára Oǹdó títí di 1996.) Ilé-ìwé wọ̀nyí ò ní ìjọ kankan lẹ́yìn, àwọn ará àdúgbò ló bá wọn mọ ògiri, akẹ́kọ̀ọ́ wọn sì pọ̀ débi pé kíláàsì kan lè ti A lọ dé H. Èèyàn ni wọ́n ní lọ́pọ̀. Ẹ̀yin náà, èèyàn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá orúkọ rí

Ẹ yan èèyàn mẹ́ta sí ìdí iṣẹ́ yìí nìkan, kí ẹ sì fún wọn ní oṣù mẹ́ta. Láàárín oṣù mẹ́ta náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ owó.

Rẹ́jístà ìgbàwọlé tó wà ní ọ́fíìsì ilé-ìwé ni ẹ óò kọ́kọ́ wá. Nọ́ńbà ìgbàwọlé, orúkọ, ọjọ́ ìbí àti orúkọ òbí ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí pírínsípà kí ẹ tó lọ, ẹ má sì lọ ní ọ̀sẹ̀ ìwọlé tàbí ìgbà tí ìdánwò WAEC ń lọ lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó máa ráyè tiyín. Ẹ fi fóònù ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, ojú ìwé kan fún àwòrán kan. Ẹ má gbé rẹ́jístà náà kúrò ní ọ́fíìsì, ì báà jẹ́ láti lọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní ìta géètì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ́jístà ti sọnù.

Bí ikán bá ti jẹ rẹ́jístà, ẹ wá ìwé èsì WAEC tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé-ìwé, ìwé ètò ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, àwòrán kíláàsì, àti àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ má fojú fo akọ̀wé ọ́fíìsì àti ọ̀gá tó ń lu aago nígbà náà. Àwọn ló mọ ọmọ ẹni tó ń gbé lẹ́yìn ọjà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣe táábù kan lórí kọ̀ǹpútà, kí ó ní òpó mẹ́sàn-án: orúkọ tó wà nínú rẹ́jístà, orúkọ tó ń jẹ́ báyìí, ìnagijẹ, kíláàsì, ọdún ìwọlé, ọdún ìjáde, ìlú tó wà, nọ́ńbà fóònù, àti orúkọ ẹni tó wá a rí. Ìdí tí orúkọ fi gba òpó mẹ́ta ni pé àwọn obìnrin ti ń jẹ́ orúkọ ọkọ, ẹni tó sì ń jẹ́ Fágbèmí ní 1983 lè ti di Jésùgbèmí tàbí Olúgbèmí lónìí. Bí ẹ bá ń fi orúkọ rẹ́jístà nìkan wá irú wọn lórí Facebook, ẹ ò ní rí wọn láéláé. Ìnagijẹ ló máa ń já ọ̀rọ̀ náà: ẹgbẹ́ lè gbàgbé orúkọ bàbá ẹni, wọn ò jẹ́ gbàgbé "Bọ́ọ̀lù" tàbí "Ọ̀gẹ̀dẹ̀".

Ọ̀rọ̀ ọdún pàápàá ń dá ìjà sílẹ̀. Àwọn kan ń fi ọdún ìwọlé ka sẹ́ẹ̀tì, àwọn kan ń fi ọdún ìjáde kà á. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì rántí pé 1982 yí ìṣirò padà. Ní ilé-ìwé tó bẹ̀rẹ̀ ètò 6-3-3-4 lọ́dún náà (alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọdún mẹ́fà, gírámà kékeré mẹ́ta, gírámà àgbà mẹ́ta, yunifásítì mẹ́rin), ẹni tó wọlé ní 1981 lo ọdún márùn-ún, ó jáde ní 1986. Ẹni tó wọlé ní 1982 lo ọdún mẹ́fà, ó jáde ní 1988. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni tó ní sẹ́ẹ̀tì 1987 ni òun, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó tún kíláàsì kan ṣe. Ẹ má fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ẹgbẹ́. Ẹ jẹ́ kó mú sẹ́ẹ̀tì tó wù ú, nítorí ẹni tó tún kíláàsì ṣe mọ sẹ́ẹ̀tì méjì, ó sì máa ń wá èèyàn rí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹni tó lọ sí ilé-ìwé mìíràn láti fọ́ọ̀mù kẹta náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún "olóògbé". Ẹ má kọ ọ́ síwájú orúkọ ẹnikẹ́ni àyàfi bí ẹni méjì tí kò gbọ́ ọ lẹ́nu ara wọn bá jẹ́rìí sí i. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé ẹni tí wọ́n dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan nítorí rẹ̀ wà nínú ìpàdé náà.

Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà (2023) kan ẹgbẹ́ yín náà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ oníkálukú kí ẹ tó pín nọ́ńbà rẹ̀. Kí táábù náà wà lọ́wọ́ ẹni méjì péré. Ẹ má gbé fáìlì rẹ̀ sórí WhatsApp. Bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ oní-gbájúẹ̀, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi máa pe gbogbo yín pé òun ni akápò, owó ìsìnkú ni òun ń gbà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ya ìkéde sọ́tọ̀ kúrò lára àwàdà

Ẹgbẹ́ WhatsApp kan lè gba èèyàn 1,024, nítorí náà àyè kì í ṣe ìṣòro. Ariwo ni ìṣòro. Ẹ ṣe méjì: ọ̀kan fún ìkéde, tó jẹ́ pé àwọn alábòójútó nìkan ló lè kọ nǹkan síbẹ̀; èkejì fún eré, ìkíni àti àríyànjiyàn bọ́ọ̀lù. Nínú ti ìkéde, ọ̀rọ̀ méjì lọ́sẹ̀ ti pọ̀ tó. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò kúrò lẹ́gbẹ́ nítorí pé wọn ò fẹ́ràn ilé-ìwé mọ́. Ìwàásù àti òṣèlú ló lé wọn, pẹ̀lú fídíò 60 tó ń jẹ dátà wọn lóòjọ́.

Àwọn kan fẹ́ràn láti máa fi broadcast ránṣẹ́ dípò ẹgbẹ́, ìyẹn ọ̀rọ̀ kan náà tó ń dé ọ̀dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àkójọ nọ́ńbà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èèyàn 256 ni àkójọ kan ń gbà, kì í sì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò fi nọ́ńbà yín pamọ́ sínú fóònù rẹ̀. Alukoro á rò pé òun ti kéde, ìdajì ẹgbẹ́ ò sì ní gbọ́.

Fún àwọn tí kò sí lórí WhatsApp, tàbí tí wọ́n wà níbẹ̀ tí wọn kì í fọhùn, ẹ yan aṣojú kíláàsì: ẹnì kan fún 5A, ẹnì kan fún 5B, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kí aṣojú kan má bójú tó ju èèyàn 15 lọ. Kó máa pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta, kó má sì béèrè owó nínú ìpè náà. Iṣẹ́ yìí ò ní ariwo, òun ló sì ń gbé gbogbo ẹgbẹ́ ró.

Ẹ má ṣe gbé orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè síta. A mọ̀ pé àwọn kan gbà pé ìtìjú ló ń mú owó jáde. Ó ń mú un jáde lóòótọ́, lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, èèyàn ló ń mú jáde. Olùkọ́ tí owó oṣù rẹ̀ ti dúró àti ìyá tó ń ta ata ní Bódìjà kò lè bá oníṣẹ́ epo rọ̀bì du ipò orí àkọsílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: òṣìṣẹ́, àkáǹtì àti ìforúkọsílẹ̀

Ẹ yan alága, akọ̀wé, akápò, akọ̀wé ìnáwó, alukoro àti ayẹ̀wéwò. Akápò àti akọ̀wé ìnáwó kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹnì kan náà: ọ̀kan ń tọ́jú owó, èkejì ń kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde. Bí ìwé àwọn méjèèjì kò bá bára mu lópin oṣù, ẹ ti rí i nígbà tó ṣì kéré. Ẹ má lo àkáǹtì ẹnì kankan, bó ti wù kí ẹni náà jẹ́ olóòótọ́ tó. Bó bá kú, ìdílé rẹ̀ ló ni ohun tó wà níbẹ̀ lójú báǹkì.

Bí ilé-ìwé yín bá ti ní ẹgbẹ́ àpapọ̀ tó forúkọ sílẹ̀, sẹ́ẹ̀tì yín ò nílò láti forúkọ sílẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ ní kí wọ́n ṣí àkáǹtì kékeré kan fún yín lábẹ́ tiwọn. Bí kò bá sí, CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, ni ọ̀nà, lábẹ́ Apá F nínú CAMA, òfin ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ti 2020. Báyìí ni ó ṣe ń lọ:

1. Ẹ fi orúkọ méjì sílẹ̀ lórí ìkànnì CAC kí wọ́n fọwọ́ sí ọ̀kan. Ẹ kọ orúkọ ilé-ìwé bí ó ṣe wà gẹ́lẹ́.
2. Ẹ ṣe ìpàdé, ẹ yan àwọn alágbàtọ́ (trustees) tí ẹgbẹ́ yóò wà lórúkọ wọn, kí ẹ sì fọwọ́ sí ìwé òfin ẹgbẹ́. Kí àkọsílẹ̀ ìpàdé náà fi àwọn tó wá àti bí wọ́n ṣe dìbò hàn. Ibi tí ìwé ti sábà máa ń padà wá nìyí.
3. Ẹ gbé ìkéde jáde nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ méjì, kí ọ̀kan jẹ́ èyí tí wọ́n ń kà ní agbègbè yín. Ẹni tó bá ní àtakò ní ọjọ́ 28.
4. Bí ìwé ẹ̀rí bá jáde, ẹ gba nọ́ńbà owó orí (TIN) àti ìwé SCUML, ẹ̀ka tó ń gbógun ti fífi owó àìtọ́ pamọ́, lọ́dọ̀ EFCC. Báǹkì yóò béèrè méjèèjì.

Lẹ́yìn èyí, ìjábọ̀ ọdọọdún gbọ́dọ̀ dé CAC láàárín 30 June sí 31 December. Àwọn ẹgbẹ́ ń gbàgbé èyí torí pé alága tó forúkọ sílẹ̀ ti lọ, ẹni tuntun ò sì mọ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé náà sínú àpòòwé kan, kó wà lọ́dọ̀ ayẹ̀wéwò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ lọ wo ilé-ìwé kí ẹ tó pinnu ohunkóhun

Pírínsípà nìkan kọ́ ni ẹ óò bi léèrè. Ó lè sọ pé géètì ni ilé-ìwé nílò, torí pé àwọn aláṣẹ tó ń bẹ̀ ẹ́ wò ló ń gba ẹnu géètì wọlé. Ẹ bi igbákejì rẹ̀, olùkọ́ kẹ́mísírì, ọmọbìnrin tó jẹ́ olórí akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀gá ọlọ́dẹ, àti alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́. Ẹ wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn obìnrin, àní kí obìnrin inú yín wọ ọ́. Bí kò bá sí omi níbẹ̀, àwọn ọmọbìnrin ò ní wá ilé-ìwé ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń ṣe nǹkan oṣù, kò sì sí báńà tó lè rọ́pò èyí.

Ìjọba ló ni ilé náà, kì í ṣe pírínsípà. Ó lè gba ìwé ìṣípòpadà lọ́la. Nítorí náà ẹ kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ nípasẹ̀ rẹ̀. L'Ékòó, ọ́fíìsì Education District tó ni ilé-ìwé yín, nínú mẹ́fà tó wà, ni ẹ óò gbà kọjá. Bó bá jẹ́ ilé kíkọ́, ẹ fi àwòrán rẹ̀ sí i. Ẹ má gbé bíríkì kan kí ìdáhùn tó dé: ẹgbẹ́ tó kọ́ yàrá sórí ibi tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ fún ojú àgbàrá máa ń padà wò ó bí wọ́n ṣe ń wó o.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: iṣẹ́ tó ń pẹ́ àti iṣẹ́ tó ń kú

Kànga ẹ̀rọ ni àwọn ẹgbẹ́ fẹ́ràn jù, òun náà ló sì ń tètè kú jù. Ìdí rẹ̀ kò le. Abẹ́ Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo àti Adó-Èkìtì, àpáta ni; omi wà nínú ìlà àpáta tó sán, kì í ṣe ibi gbogbo. Ní Èkó àti apá ibi púpọ̀ ní Ìjẹ̀bú, iyanrìn ló wà nísàlẹ̀, omi rọrùn láti rí, àmọ́ ó lè ní ìdọ̀tí tàbí iyọ̀ nínú. Ẹ sanwó fún ẹni tó máa fi ẹ̀rọ wo abẹ́ ilẹ̀ kí agbẹ́kànga tó dé, kí ẹni náà má sì jẹ́ ọmọ iṣẹ́ agbẹ́kànga. Ẹ gbẹ́ ẹ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ní February tàbí March. Kànga tí wọ́n gbẹ́ ní September lè mú yín rò pé omi wà. Kí wọ́n fa omi náà fún wákàtí púpọ̀ láìdúró, kí wọ́n sì kọ bí omi ṣe ń lọ sílẹ̀. Ẹ gbé omi náà lọ fún àyẹ̀wò.

Lẹ́yìn náà, ta ni yóò máa ra epo jẹnẹrétọ̀? Bí ìdáhùn bá jẹ́ "ilé-ìwé", kànga náà á dákẹ́ kí sáà kan tó parí. Sólà ló dára jù, bí ẹ bá lè gbé e ga, kí ẹ fi iná jó bóòtù rẹ̀ pa, kí ẹ sì jẹ́ kí ará àdúgbò máa bu omi láti ẹnu ẹ̀rọ kan ní ìta ọgbà. Bí àdúgbò bá ń mu nínú omi náà, àdúgbò náà á ṣọ́ ọ.

Láàbù sáyẹ́ǹsì kì í ní okìkí tó tó ti kànga, àmọ́ iṣẹ́ tí owó díẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ pọ̀. Ẹ ka iye àwọn tó ń ṣe kẹ́mísírì ní SS3. Bí wọ́n bá jẹ́ 60, tí wọ́n ń ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ogún-ogún, burette (ọ̀pá gíláàsì tí wọ́n fi ń wọn ásíìdì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀) 24 ni kí ẹ rà: ogún fún lílò, mẹ́rin fún èyí tó máa fọ́. Kí pipette, ọ̀pá gíláàsì tí wọ́n fi ń fa ìwọ̀n omi kan pàtó, jẹ́ ìwọ̀n kan náà, yálà 20 tàbí 25 cm³, ẹ má pa á pọ̀. Bí ọmọ kan bá lo 20 tí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lo 25, èsì wọn ò ní bára mu, olùkọ́ á sì rò pé ásíìdì ni kò dára. Ẹ ra rọ́bà ìfàmu fún pipette kí ọmọ kankan má fi ẹnu fa ásíìdì. Ìgò ásíìdì sì gba kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́. Ìyẹn náà wà lára iṣẹ́ yín.

Fún páànù, ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú àdéhùn. Bí ẹ bá sanwó 0.55 mm, ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tó bá dé kí wọ́n tó gbé e sókè, torí 0.45 jọ ọ́ lójú.

Ẹ má fi owó lé ilé-ìwé lọ́wọ́; agbaṣẹ́ṣe tàbí ẹni tó ta ọjà ni kí ẹ san án fún. Ẹ dá owó díẹ̀ dúró, bí ìdámẹ́wàá, fún oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí. Ẹ ya ìdámẹ́wàá mìíràn sọ́tọ̀ fún àtúnṣe ọjọ́ iwájú. Ní ọjọ́ ìfilélọ́wọ́, kí orúkọ gbogbo nǹkan wọ ìwé àkọsílẹ̀ ohun-ìní ilé-ìwé, kí pírínsípà fọwọ́ sí i, kí ẹ̀dà kan wà lọ́dọ̀ yín. Nǹkan tí kò sí nínú ìwé yẹn kì í pẹ́ sọnù nígbà tí pírínsípà bá yí padà.

Owó, ní kúkúrú

Ẹ fi kékeré tí kì í dáwọ́ dúró rọ́pò ńlá tó ń wá lẹ́ẹ̀kan. Ká ní orúkọ 120 wà lọ́wọ́ yín, tí 45 nínú wọn sì ń san ₦1,000 lóṣù: ₦45,000 lóṣù nìyẹn, ₦540,000 lọ́dún. Ó kéré sí ohun tí ayẹyẹ kan ń jẹ, ó sì ń ra láàbù díẹ̀díẹ̀. Kí àkọsílẹ̀ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde máa dé ojú ìkéde ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àwòrán risíìtì, bí nǹkan kan ò bá tiẹ̀ wọlé.

Àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń fi owó ránṣẹ́ bí ó bá ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Bí wọ́n bá pọ̀, ẹ gbà wọ́n níyànjú kí wọ́n forúkọ ẹgbẹ́ àánú sílẹ̀ ní Charity Commission, àjọ tó ń bójú tó ẹgbẹ́ àánú níbẹ̀. Pẹ̀lú Gift Aid, ètò owó orí fún ọrẹ àánú, ìjọba ń fi pẹ́nsì 25 kún pọ́n-ùn kan tí ẹni tó ń san owó orí bá dá: £10 di £12.50. Ní Amẹ́ríkà, ipò ẹgbẹ́ àánú tí wọ́n ń pè ní 501(c)(3) ló ń jẹ́ kí ẹni tó dáwó lè yọ ọ́ kúrò nínú owó orí rẹ̀. Kí wọ́n sì jẹ́ kí owó náà wà ní pọ́n-ùn tàbí dọ́là títí ìwé owó agbaṣẹ́ṣe yóò fi dé. Náírà tó ń dúró de ìpàdé mẹ́ta máa ń rù kí ìpàdé kẹta tó jókòó.

Àwọn tó ṣì wà nínú ọgbà

Orúkọ tí ó rọrùn jù láti kọ ni ti SS3 tó jókòó nínú kíláàsì lónìí. Ẹ lọ bá wọn ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá ń ṣe ètò ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, pẹ̀lú olùkọ́ agbaninímọ̀ràn, ẹ má lọ nìkan, kí àgbàlagbà kankan má sì dá bá ọmọ kan sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Ẹ mú ẹni mẹ́ta dání tí iṣẹ́ wọn yàtọ̀ síra: nọ́ọ̀sì, mẹkáníìkì, akọ̀wé báǹkì. Kí wọ́n sọ iye ọdún tí wọ́n fi kọ́ṣẹ́ àti iye tó ná wọn. Kì í ṣe dókítà nìkan ni àwọn ọmọ yẹn máa dà.

Fọ́ọ̀mù ojú ìwé kan ti tó: orúkọ, ìnagijẹ, kíláàsì, ìlú ìyá, ìlú bàbá, nọ́ńbà òbí, nọ́ńbà ẹnì kan tí kì í kó kúrò nílé. Ọ̀pọ̀ wọn ò tíì pé ọdún 18, nítorí náà òbí ni yóò fọwọ́ sí i. Ẹ fún wọn ní fọ́ọ̀mù náà lọ́jọ́ Mọ́ńdè kí ẹ lè gbà á padà ní Fúráìdé. Nọ́ńbà àwọn ọmọ fúnra wọn máa ń yí padà kí ọdún tó yí po. Kí aṣojú kan pe òbí ní October ọdún náà, kó béèrè ibi tí ọmọ wà, kó sì kọ nọ́ńbà tuntun sínú táábù.